Ohun Tí Ẹyẹ Bá Jẹ Ló Ń Gbé Fò: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Ègé Igbó Amasóònù

Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni àwọ̀n ń kún. Wọ́n ti gé igbó yí ègé kan ká, ilẹ̀ ti gba oòrùn lọ títí, síbẹ̀ ẹyẹ tí àwọn olùwádìí ń mú nínú ègé tó kù pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń mú níbẹ̀ nígbà tí igbó ṣì pé lọ. Ẹni tó bá ka ìwé àkọsílẹ̀ àsìkò yẹn nìkan, tó sì pa á dé, lè fọwọ́ sọ̀yà pé igbó gígé kò ṣe ẹyẹ ní nǹkan kan. Ẹ̀rí á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwa tí a ń ka ẹyẹ, tí a ń ṣọ́ igbó, tàbí tí a ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí igbó, tọpasẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Igbó náà wà ní nǹkan bí kìlómítà 80 sí àríwá ìlú Manaus, ní orílẹ̀-èdè Brazil, nínú Amasóònù. Ní àwọn ọdún 1970, àríyànjiyàn kan gbóná láàárín àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá: bí ilẹ̀ tí a lè dáàbò bò bá mọ níwọ̀n, ṣé igbó ńlá kan ṣoṣo ló yẹ ká dá sí, àbí kéékèèké púpọ̀ tí àpapọ̀ wọn tó ti ńlá náà? Ẹnu pọ̀, ẹ̀rí kò tó. Ní àkókò kan náà, ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ fa àwọn olóko màlúù wọ agbègbè Manaus, òfin sì ní kí ẹni tó bá gba ilẹ̀ níbẹ̀ fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ ní igbó. Igbó á kúkú ṣẹ́ kù. Ohun tí àwọn olùwádìí bẹ àwọn olóko fún ni pé kí díẹ̀ nínú igbó tí wọ́n máa fi sílẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, kí ìwọ̀n wọn sì jẹ́ hẹ́kítà 1, hẹ́kítà 10 àti hẹ́kítà 100. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Nígbà tí gígé parí, ègé 11 ló wà nílẹ̀: márùn-ún jẹ́ hẹ́kítà 1, mẹ́rin jẹ́ hẹ́kítà 10, méjì jẹ́ hẹ́kítà 100. Pápá tó pín wọn níyà kúrò lára igbó ńlá fẹ̀ láti mítà 80 dé 650.

Kí ayùn tó kan igi kankan, wọ́n ti ń mú ẹyẹ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, èyí ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù. Àwọ̀n tín-ín-rín tí ẹyẹ kì í tètè rí ni wọ́n ta sábẹ́ igi, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà lè nà dé. Ẹyẹ tó bá fò wọ̀ ọ́, wọ́n á rọra yọ ọ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi òrùka onínọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Bí ó bá tún kó sínú àwọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, ó ti di ẹni mímọ̀. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí igbó tí wọ́n bà jẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ títí katakata á fi kọjá. A ó wá igbó mìíràn tó jọ ọ́, a ó fi wé e, a ó sì gbà lọ́kàn wa pé bákan náà ni àwọn méjèèjì rí tẹ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gbà á lọ́kàn. Wọ́n mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìwọ̀n ilẹ̀ náà ná, nítorí ọ̀rọ̀ hẹ́kítà máa ń fi ara pa mọ́. Hẹ́kítà 1 jẹ́ mítà 100 ní ìbú àti mítà 100 ní òró. Ẹyẹ tó dúró sí àárín gbùngbùn rẹ̀ kò ju mítà 50 sí etí. Ní hẹ́kítà 10, kò tó mítà 160. Ní hẹ́kítà 100, mítà 500 ni. Láti etí yìí ni oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbóná inú pápá ti ń wọlé; igi tó wà níbẹ̀ ń wó, ewé tó bolẹ̀ ń gbẹ. Nínú ègé hẹ́kítà 1, ká má parọ́, igbó náà kò ní inú mọ́. Etí ni gbogbo rẹ̀.

Òrùka ló tú àṣírí àwọ̀n tó ń kún. Nínú àwọn ẹyẹ tó ń wọlé lẹ́yìn gígé, àwọn tí kò ní òrùka lẹ́sẹ̀ wá pọ̀ sí i. Àjèjì ni wọ́n. Igi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n gé, ni wọ́n bá rọ́ wọ ibi tó kù, bí ará abúlé tí ogun lé ṣe ń rọ́ wọ ìlú kan ṣoṣo tí odi rẹ̀ kò tíì wó. Ẹnu tó ń jẹ pọ̀ sí i, oúnjẹ kò pọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí iye tí wọ́n ń mú fi bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀, ó sì já kọjá ibi tó wà kí wọ́n tó gé igbó. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn yìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé iye ẹyẹ inú ègé igbó kan wá síwájú mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé: ó ti pẹ́ tó tí wọ́n ti gé yí i ká? Ẹyẹ tó pọ̀ ní ibi kan lè jẹ́ ẹ̀rí ìparun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Nígbà tí ìdínkù dé, kò bá gbogbo ẹyẹ bákan náà. Kò tẹ̀lé títóbi ẹyẹ, kò sì tẹ̀lé bí ó ṣe wọ́pọ̀ tó tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹyẹ ń jẹ àti ọ̀nà tó ń gbà rí i ló ń tọ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ lọ ni àwọn tó ń tẹ̀lé ìjàlọ. Ìjàlọ ibẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Eciton burchellii. Nígbà tó bá jáde, á tẹ́ ara rẹ̀ sórí ilẹ̀ bí ẹní tó ń rìn, gbogbo ohun tó sá pamọ́ sábẹ́ ewé á sì máa bẹ́ jáde: aáyán, ìrẹ̀, alántakùn, àkeekèé. Àwọn ẹyẹ yìí kì í tìtorí ìjàlọ tẹ̀ lé ìjàlọ. Ohun tó ń sá fún un ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n á bà sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú ọ̀wọ́ náà, nítòsí ilẹ̀, wọ́n á máa já wálẹ̀, wọ́n á gbé, wọ́n á tún padà sókè. Ọ̀kan lára wọn ni Pithys albifrons, ẹyẹ kékeré kan tí ìyẹ́ funfun rẹ̀ yọ gànnà-gànnà níwájú orí àti lábẹ́ àgbọ̀n. Gymnopithys rufigula àti Dendrocincla merula náà wà níbẹ̀. Wọn kì í ṣe é nígbà tó bá wù wọ́n nìkan o. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìjàlọ kì í jáde bákan náà lójoojúmọ́. Fún nǹkan bí ọjọ́ 20, agbo á dúró sójú kan nígbà tí ọmọ rẹ̀ tuntun ń dàgbà, á máa jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ rẹ̀ á sì kéré. Lẹ́yìn náà ni á wá ṣí kiri fún nǹkan bí ọjọ́ 15, á máa jáde lójoojúmọ́, á sì máa kó ibùdó rẹ̀ lọ síwájú ní òru. Ẹyẹ tó bá fi ojú sí agbo kan ṣoṣo á fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ pebi. Nítorí náà, ẹyẹ atẹ̀lé-ìjàlọ gbọ́dọ̀ mọ agbo mélòó kan, kó máa yẹ ibùdó wọn wò ní òwúrọ̀, kó mọ èyí tó ń jáde lónìí. Kò sí bí ilẹ̀ tó gba irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní fẹ̀. Hẹ́kítà 10 kò tó agbo ìjàlọ kan ṣoṣo náà, ká má tíì sọ agbo mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nínú àwọn ègé hẹ́kítà 1 àti hẹ́kítà 10, àwọn ẹyẹ wọ̀nyí pòórá láàárín ọdún méjì. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn fún wọn. Igi ṣì dúró, ó ṣì ń so, ó ṣì ń wọ́wé. Ojú ènìyàn á wò ó, á rí igbó. Ojú Pithys á wò ó, kò ní rí nǹkan jíjẹ.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ẹyẹ ni wọ́n, kí ló dé tí wọn kò fò kọjá pápá lọ sínú igbó ńlá? Àwọn kan lọ, láìpadà. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí wọ́n bí sínú òjìji, tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ jẹ̀ lábẹ́ igi, kì í dá ara rẹ̀ dé ibi tí oòrùn ti ń ràn gan-an. Pápá mítà 80 lásán ti tó láti dá ọ̀pọ̀ irú wọn dúró. Àwa tí a ń ya àwòrán ilẹ̀ tí a fẹ́ dáàbò bò lórí kọ̀ǹpútà máa ń gbàgbé èyí: àlàfo tí ìlà kò fẹ̀ ju irun orí lọ nínú àwòrán lè jẹ́ òkun fún ẹyẹ.

Àwọn tó tẹ̀ lé wọn nínú ìṣòro ni àwọn tó ń jẹ̀ pọ̀ ní ọ̀wọ́. Nínú igbó yẹn, oríṣìíríṣìí ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò máa ń para pọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, lórí ilẹ̀ kan náà, ní ọdọọdún. Thamnomanes caesius ló máa ń ṣe alóre wọn. Bí àṣá bá yọ, òun ló ń ké. Bí ó bá dákẹ́, àwọn yòókù á tẹ orí wọn sínú ewé, wọ́n á máa tú u láìbẹ̀rù. Ẹyẹ tó bá ń dá jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gbójú sókè ní gbogbo ìgbà, ìgbójúsókè kò sì bá oúnjẹ wíwá rìn. Nínú àwọn ègé kéékèèké, ọ̀wọ́ náà tú ká. Díẹ̀ lára àwọn tó wà nínú rẹ̀ dúró, wọ́n ń dá jẹ̀. Púpọ̀ kò dúró. Ohun tó kọ́ mi níbí ni pé ààbò pẹ̀lú wà lára ọ̀nà ìjẹun. A lè wọn kòkòrò inú igbó, ká rí i pé ó tó, kí ẹyẹ sì tún lọ, nítorí pé ẹni tó ń bá a ṣọ́ ẹ̀yìn kò sí mọ́.

Àwọn tó ń tú ewé ilẹ̀ náà lọ: àwọn Sclerurus tó ń fi ẹnu sọ ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Formicarius tó ń rìn bí adìyẹ kékeré, Myrmornis torquata tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ewé tó gbẹ jù kò gba kòkòrò tó nílò ọ̀rinrin. Ọ̀rọ̀ wọn kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó kéré tán ní ìpele yìí; màá padà sórí Myrmornis.

Àwọn wo ló wá dúró? Àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń mu omi dídùn inú òdòdó, tí ìyẹ́ wọn ń yára gbọ̀n títí ojú kò fi lè tẹ̀lé e. Iye wọn nínú ègé igbó kò yàtọ̀ sí ti igbó ńlá. Kò yà mí lẹ́nu. Òdòdó kì í tan sójú kan, nítorí náà ẹyẹ tó ń mu ún ti mọ́ra pẹ̀lú ìrìn àjò. Pápá kò dẹ́rù bà á, òdòdó sì wà ní etí igbó àti nínú koríko tó ń hù lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi wọ́n nìkan díwọ̀n, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara igbó dá.

Ti àwọn ègé hẹ́kítà 100 ńkọ́? Ìrètí wà lára wọn, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tú. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí ọdún 13 tí wọ́n fi mú ẹyẹ nínú àwọn ègé 11 náà, tí wọ́n gbé jáde ní 2003, fi hàn pé hẹ́kítà 100 pàápàá ń pàdánù ìdajì irú ẹyẹ abẹ́ igi rẹ̀ láàárín ọdún tí kò tó 15. Bí a bá fẹ́ kí ìpàdánù náà falẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, igbó náà gbọ́dọ̀ tóbi ní ìlọ́po 1,000. Àríyànjiyàn àwọn ọdún 1970 rí ìdáhùn rẹ̀ gbà níbí, ó kéré tán fún àwọn ẹyẹ yìí: kéékèèké púpọ̀ kò lè rọ́pò ńlá.

Ìyípadà tó tẹ̀lé e kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni. Owó ìrànwọ́ ìjọba gbẹ, màlúù kò mú èrè wá, ọ̀pọ̀ olóko sì fi pápá sílẹ̀. Igbó bẹ̀rẹ̀ sí sú padà. Ṣùgbọ́n kò sú bákan náà níbi gbogbo. Ibi tí wọ́n ti gé igi láìsun ún, igi Cecropia ló yọ, ó yára ga, orí rẹ̀ pàdé, abẹ́ rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ibi tí iná ti jó, tí màlúù sì ti jẹ̀ fún ọdún, Vismia ló gbà á, igi kúkúrú tó dì mọ́ra, ó sì pẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ kí igi igbó gidi wọlé. Àwọn ẹyẹ mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú ègé tí Cecropia yí ká, àwọn atẹ̀lé-ìjàlọ àti díẹ̀ lára àwọn ọ̀wọ́ padà dé láàárín ọdún mélòó kan. Níbi tí Vismia yí ká, ọ̀nà kò là bẹ́ẹ̀. Ègé igbó kò tóbi sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ohun tó yí i ká ló yí padà. Mo mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n ń fi gbogbo agbára wọn ṣọ́ odi igbó, tí wọn kì í sì í bi olóko tó wà lẹ́yìn odi bóyá ó máa ń dáná sungbó. Láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ìbéèrè yẹn lè ju odi lọ.

Ẹyẹ tó dúró ńkọ́, ṣé ó ń jẹ ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀? Àwọ̀n kò lè sọ. Ní erékùṣù Borneo, níbi tí wọ́n ti gé gẹdú nínú igbó léraléra, àwọn olùwádìí mìíràn yẹ nitrogen, èròjà kan tó wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá, wò nínú ìyẹ́ ẹyẹ, nítorí pé bí ẹ̀dá bá ṣe ń jẹ ohun tó jẹ ohun mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni irú nitrogen tó wúwo ń pọ̀ sí i lára rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn ẹyẹ tó kù nínú igbó gígé ti gòkè nínú ìtò ìjẹun: wọ́n ń jẹ àwọn kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ wọn wà nínú ìwé, iye wọn wà nínú ìwé, àwo oúnjẹ wọn ti yí padà. Bí mo bá ní owó díẹ̀ fún iṣẹ́ lórí igbó tí wọ́n bà jẹ́, màá tọ́jú ìyẹ́ kan láti ara ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tí mo bá mú. Kò wúwo, kì í jẹrà, ẹyẹ á sì hu òmíràn.

Ìyípadà tó kẹ́yìn ló dùn mí jù. Gbogbo ìfiwéra tí mo ti ń sọ láti òkè wá dúró lórí pé igbó ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò yí padà. Òun ni òṣùwọ̀n. Ayùn kò kàn án, iná kò dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ohun tó ju ọdún 35 lọ jọ láti ibi 55 nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn yẹn, wọ́n rí i pé àwọn ẹyẹ tó ń jẹ kòkòrò lórí ilẹ̀ àti nítòsí ilẹ̀ ti dín kù gan-an níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 2021 wo irú ẹyẹ 77 nínú igbó kan náà: kò sí ọ̀kan tí ìwúwo rẹ̀ kò dín sí ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìyẹ́ apá nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn sì ti gùn sí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ti gbóná sí i, ó sì ti gbẹ sí i; ibẹ̀ ni ìfura wà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fi ègé igbó wé igbó ńlá ti òní ń fi òṣùwọ̀n tó ti sún kì wọn aṣọ. Ìpàdánù inú ègé ju bí ìwé ṣe sọ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn òrùka tí wọ́n fi sẹ́sẹ̀ ẹyẹ kí igbó gígé tó bẹ̀rẹ̀, kò bá tí sí ẹni tó mọ̀.

Myrmornis, tó ń tú ewé ilẹ̀, wà lára àwọn tó ti ṣọ̀wọ́n nínú igbó ńlá náà báyìí. Pithys kò dín kù níbẹ̀. Ẹyẹ tó kọ́kọ́ pòórá nínú hẹ́kítà 10 ló ń jẹ̀ ní àlàáfíà nínú igbó tí kò lópin, nítorí kò so oúnjẹ rẹ̀ mọ́ ojú ilẹ̀ kan: ibi tí ìjàlọ bá ṣí lọ, á ṣí lọ.